Ẹ̀jẹ̀ Tí Kì í Tètè Dá: Ẹ Jẹ́ Kí Àyẹ̀wò Ṣáájú Abẹ

Bí olóòlà bá kọ ọmọkùnrin nílà, ẹ̀jẹ̀ a ṣàn díẹ̀, a sì dá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí tiwọn kì í dá: a ó fi ewé sí i, a ó fi òwú dì í, síbẹ̀ yóò máa sun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ó bá wá ṣe ọmọ méjì nínú agboolé kan, ojú gbogbo a yí sí ìyá wọn, a sì pe ọ̀ràn náà ní àfiṣe. Àwa ń sọ ọ́ gbangba pé àìsàn tí ó ní orúkọ ni, àyẹ̀wò tí a fi ń dá a mọ̀ sì wà.

Hẹmofílíà ni orúkọ rẹ̀. Àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń fi nọ́ńbà pè. Bí àwọn tí ń mọ ògiri ti ń gbé amọ̀ fún ara wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe, títí ojú ọgbẹ́ yóò fi dí. Bí ìkẹjọ kò bá sí, tàbí tí ó kéré jù, iṣẹ́ dúró. Nǹkan bí ọmọkùnrin 1 nínú 5,000 ni a ń bí bẹ́ẹ̀. Ní 1952, àwọn oníṣègùn Ìlú Ọba fi hàn pé àìsí ìkẹsàn-án náà a máa fa irú rẹ̀. Lára ìyá ni ọmọkùnrin ti sábà ń jogún rẹ̀, ìyá náà sì lè má mọ̀ rárá. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Òun ni ó bá Leopold jà, ọmọ Victoria Ọbabìnrin, ẹni tí ó ṣubú tí ó sì kú ní 1884. Àìsàn tí ó wọ ààfin Ìlú Ọba, kí ni ìdí tí a ó fi kà á sí ẹ̀gàn ilé ẹnikẹ́ni?

Báwo ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? A ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tí oògùn tí kì í jẹ́ kí ó dì wà nínú rẹ̀. A ó yọ omi ara rẹ̀, a ó mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn, a ó fi kálísíọ̀mù àti èròjà mìíràn sí i, a ó sì ka ìṣẹ́jú àáyá títí yóò fi dì. Armand Quick ti Amẹ́ríkà gbé irú àyẹ̀wò yìí jáde ní 1935. Òun náà ni a fi ń wọn oògùn warfarin fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ tiwọn ń dì jù, tí ó lè ti inú iṣan ẹsẹ̀ ṣí lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní hẹmofílíà a máa yege nínú àyẹ̀wò Quick. Èkejì, tí à ń pè ní APTT, ni ó sábà ń tú àṣírí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wọn ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án.

Nítorí náà, bí arákùnrin ìyá ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà bá ti sun ẹ̀jẹ̀ rí, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kí abẹ tó kàn án. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí orúnkún rẹ̀ ń wú ṣáá láìsí ìdí kan pàtàkì, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má nà án, ẹ má sì fún un ní aspirin. Àwọn òbí rẹ̀ ni kí ẹ ránṣẹ́ pè. Ìjọba ní tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mú àyẹ̀wò yìí dé ilé ìwòsàn ìlú kéékèèké. Òmìnira tí kò lè dá ẹ̀jẹ̀ ọmọ dúró kò tíì parí.