Táyà Àpamọ́ Abẹ́ Ọkọ̀, àti Bí A Ṣe Ń So Ó

Àwọn àgbà a máa wí pé ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ni í bá ni rí tẹni. Bí ọ̀rọ̀ ìpàkọ́ ti rí, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti táyà àpamọ́, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní sípíà, tí a so mọ́ abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù. Ẹni tí ó jókòó tí ó ń wa ọkọ̀ kò lè rí i. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ rí i nígbà tí ó bá ń mì dirodiro, ẹni náà kan náà ni yóò sì fara gbá a bí ó bá já. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ díẹ̀ nípa rẹ̀ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, nítorí irú ọkọ̀ yìí ni ó sábà máa ń gbé wa àti ẹrù wa lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko.

Kí a tó rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́, ojú wa rí díẹ̀. Nígbà tí àwa mẹ́rin ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní abúlé kan, táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó gbé wa gun ìṣó láàárín igbó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì tán pátápátá. Awakọ̀ wa kò fòyà, nítorí ó mọ̀ pé òun ní òmíràn. Ó mú ọ̀pá, ó yí i, ó yí i, ṣùgbọ́n ṣéènì kò sọ̀ kalẹ̀. Ìpẹtà àti ẹrẹ̀ ọdún púpọ̀ ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. A fi epo sí i, a fi òkúta lù ú, òtúbáńtẹ́ ni. Ilẹ̀ ti ṣú kí alálùpùpù kan tó bá wa gbé táyà tí ó jò náà lọ sọ́dọ̀ fọganáísà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni a tó dé abúlé náà, àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń retí wa láti òwúrọ̀ sì ti tú ká lọ sí ilé. Àwọn wúńdíá aláìgbọ́n inú Ìwé Mímọ́ kò mú òróró lọ́wọ́. Àwa mú tiwa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a kò rí i dà sínú fìtílà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ṣe é. Lábẹ́ ibi ìkẹ́rù, lẹ́yìn ẹ́síìlì ẹ̀yìn, ni táyà yìí máa ń dùbúlẹ̀ sí. Nínú Toyota Hilux, tí ó wọ́pọ̀ ní ojú ọ̀nà wa, ṣéènì ni ó gbé e rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú bíi Ford F-150, okùn tí a fi wáyà lọ́ ni. Ẹ̀rọ kékeré kan tí a dè mọ́ irin ṣáásí ni í ká ṣéènì tàbí okùn náà sókè. Ní ìsàlẹ̀ ṣéènì ni irin pẹlẹbẹ kan wà, tí a ó ti gba inú ihò àárín wíìlì kọjá, tí a ó sì dá a dùbúlẹ̀ kí ó lè gbé wíìlì náà. Ihò kan wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ nítòsí bọ́ńpà. Ibẹ̀ ni a ń ti ọ̀pá ìyí bọ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi wọ inú ẹ̀rọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí a bá yí i bí ọwọ́ aago ti ń yí, táyà a gòkè. Bí a bá yí i padà sí òdìkejì, a sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ṣéènì nìkan ni ó di táyà mú. Ṣéènì ń fà á sókè, irin abẹ́ ọkọ̀ sì ń dá a dúró. Rọ́bà tí ó kún fún afẹ́fẹ́ wà láàárín àwọn méjèèjì bí ìrọ̀rí tí a há mọ́ àyè tóóró. Ìhámọ́ yìí ni ààbò rẹ̀. Bí ó bá dẹ̀ díẹ̀, táyà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì ní gbogbo kòtò, irin yóò máa ha irin, ohun tí ó sì ń ha ara rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní ṣàìjá níjọ́ kan.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ so ó dáradára, kí ó ṣe báyìí:

Èkínní, kí ó gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ó fa ìjánu ọwọ́, kí ó sì fi òkúta dí táyà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orí, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ sí abẹ́ táyà nígbà tí ó bá ń gòkè tàbí tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Èkejì, kí ó rí i pé afẹ́fẹ́ táyà pé. Táyà tí ó jò rọ̀, kò sì lè há bí ó ti yẹ. Ó sàn kí a gbé irú rẹ̀ sí ibi ìkẹ́rù, kí a fi okùn dè é títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ fọganáísà.

Ẹ̀kẹta, kí ó wo ìwé atọ́nà ọkọ̀ náà láti mọ ẹ̀gbẹ́ táyà tí yóò kọjú sókè, nítorí ọkọ̀ gbogbo kò rí bákan náà. Kí irin pẹlẹbẹ náà sì jókòó ṣinṣin ní àárín ihò wíìlì.

Ẹ̀kẹrin, kí ó máa fi ọwọ́ yí ọ̀pá náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ó má ṣe fi ẹ̀rọ iná yí i, nítorí agbára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ba eyín inú rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí táyà bá kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí ó dúró, kí ó bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá irin náà ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àṣìṣe tí a kò bá rí níhìn-ín ni í fa ìjábọ́ lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó yí i títí yóò fi le. Nínú ọkọ̀ mìíràn, bí ó bá ti le tó, ọ̀pá náà yóò máa dún, yóò sì máa yọ̀ lọ́wọ́, èyí tí í ṣe àmì pé ó tó.

Ẹ̀kẹfà, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí ó tì í, kí ó fà á, kí ó sì gbìyànjú láti yí i. Bí ó bá mì, kò tíì parí. Kí ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìrìn díẹ̀.

Àwọn mìíràn a tún máa fi ṣéènì kejì gba ojú ihò wíìlì, wọn a sì fi àgádágodo tì í mọ́ ṣáásí nítorí àwọn olè. Èyí dára, nítorí bí ti àkọ́kọ́ bá já, ti kejì lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kan sálẹ́ńsà tàbí páìpù bíréèkì, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì máa bá ọkọ̀ rìn.

Bóyá ẹlòmíràn yóò wí pé a ti ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Táyà píkọ́ọ̀pù pẹ̀lú wíìlì rẹ̀ lè wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 25 sí 30. Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí alálùpùpù bá wà ní ogún mítà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí táyà náà bá já, àkókò díẹ̀ péré ni yóò ní láti yà fún un. Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Toyota pe nǹkan bí 110,000 ọkọ̀ Tundra ti ọdún 2000 sí 2003 padà fún àtúnṣe ní Amẹ́ríkà. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí ojú ọ̀nà ní àwọn ìpínlẹ̀ olótùútù nígbà yìnyín ń jẹ irin ìdábùú ẹ̀yìn ṣáásí, níbi tí a so táyà àpamọ́ mọ́, débi pé táyà náà lè jábọ́ sí ojú ọ̀nà. Lọ́dọ̀ tiwa kò sí yìnyín, ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkun ń fẹ́ iyọ̀ sí àwọn ọkọ̀ Èkó àti Àgbádárìgì, ẹrẹ̀ ọ̀nà oko sì ń bo irin mọ́lẹ̀, tí omi kò fi ní gbẹ lára rẹ̀.

Nítorí náà, sísó nìkan kò tó. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a sọ táyà náà kalẹ̀ pátápátá, kí a fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ṣéènì, kí a wo ibi tí ìpẹtà wà, kí a wọn afẹ́fẹ́ táyà, kí a sì tún gbé e gòkè. Kí a tún ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àwọn tí a kọ sí ara rẹ̀ tẹ̀lé lẹ́tà DOT: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó rí, táyà tí kò tíì kan ilẹ̀ sì lè ti di ògbólógbòó.

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá rán yín lọ sí ibi iṣẹ́ yín, kí ẹ tó di ẹrù sínú ọkọ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún awakọ̀ pé kí ó jẹ́ kí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Kì í gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ọmọ tí ń dúró dè yín lábẹ́ igi ilé-ẹ̀kọ́ kò ní mọ̀ pé ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ohun tí wọn yóò mọ̀ ni pé olùkọ́ wọn dé lásìkò.