Kí A Tó Ra Graphics Card: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí àti Ọ̀dọ́ Mọ̀

  Àwọn ọ̀dọ́ wa ni mo bèèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni kí n kọ sínú ìwé yìí. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú èsì wọn ni pé wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wọn lè gbé géèmù tuntun, graphics card ni wọ́n sì fẹ́ rà sí i. Bí ọmọ bá dárúkọ nǹkan yìí, àwọn òbí kan á ní owó òfò ni, àwọn mìíràn á sì kówó sílẹ̀ láìbèèrè ohunkóhun. Méjèèjì ló léwu, nítorí pé owó tí wọ́n ń ná sórí rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, kí a tó ra ohun èlò, a ó kọ́kọ́ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe, ibi tí a ó gbé e sí, àti iye tí yóò máa ná wa lẹ́yìn tí a bá rà á tán. Ìlànà yìí náà ni mo fẹ́ tẹ̀ lé níhìn-ín.

KÍ NI GRAPHICS CARD Ń ṢE?

Àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ni gbogbo àwòrán tí a ń rí lójú monitor. Monitor tí ó jẹ́ 1920 ní ìbú àti 1080 ní gíga ní àmì 2,073,600. Bí eré bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà yóò bá lọ geere, àwòrán náà ní láti yí padà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iṣẹ́ náà ju mílíọ̀nù 124 àmì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo.

Processor kọ̀ǹpútà dà bí ọ̀gá télọ̀ mẹ́rin tó mọ gbogbo iṣẹ́ aṣọ, láti orí agbádá dé orí bùbá. Graphics card dà bí ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ iṣẹ́ jókòó sí, tí kálukú mọ bọ́tìnnì nìkan í rán, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn ń rán an lẹ́ẹ̀kan náà. Káàdì GTX 1650, tí kì í ṣe ńlá rárá, ní irú ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ 896. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò ní káàdì ọ̀tọ̀. Inú processor ni èyí tí wọ́n ń lò wà, ó sì ń yá mémọ̀rì kọ̀ǹpútà lò. Ìyẹn tó láti kọ lẹ́tà àti láti wo fíìmù, ṣùgbọ́n bí a bá gbé géèmù tuntun sí i, yóò máa já lu ara wọn ni.

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe ẹ̀rọ inú káàdì wọ̀nyí fún kọ̀ǹpútà tiwa: Nvidia tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, AMD tí ó ra ilé iṣẹ́ ATI ní 2006, àti Intel tí ó mú Arc jáde ní 2022.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ẹ̀yin òbí pé géèmù nìkan kọ́ ni káàdì yìí wà fún. Kánò níbí ni ilé Kannywood, àwọn tó ń to fíìmù pọ̀ sì ń lo irú káàdì kan náà. Àwọn tó ń ṣe fídíò ìgbéyàwó, àwọn tó ń ya àwòrán ilé, àti àwọn tó ń fi Blender ṣe eré àtọwọ́dá ń lò ó pẹ̀lú. Ọmọ tó ra káàdì fún géèmù lónìí lè fi í jẹun lọ́la, bí a bá tọ́ ọ sọ́nà.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: ṢÉ KÁÀDÌ NI Ó KÙ DÍẸ̀ KÁÀTÓ?

Kí a tó náwó, ẹ ṣí Task Manager nínú Windows nígbà tí géèmù ń lọ lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ tí káàdì ń ṣe bá ń wà ní nǹkan bí 95 nínú 100 tí géèmù sì ń fà, káàdì ni ó kéré. Bí processor bá wà ní 100 tí káàdì wà ní 50, káàdì tuntun kò ní ṣe é ní oore kan. Bí mémọ̀rì bá jẹ́ 4GB péré, mémọ̀rì ni kí a kọ́kọ́ rà. FIFA 23 tó jáde ní 2022 béèrè 8GB mémọ̀rì, ó kéré tán, pẹ̀lú káàdì GTX 1050 Ti tí ó ní 4GB tirẹ̀. Owó mémọ̀rì kò tó owó káàdì.

Ẹ wo monitor náà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ 1366 ní 768, àmì orí rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó ra káàdì ńlá sí irú monitor bẹ́ẹ̀ ra bọ́ọ̀sì láti fi gbé èrò méjì.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: ṢÉ INÁ INÚ KỌ̀ǸPÚTÀ GBÀ Á?

Ibí yìí ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí a ń rà ní Beirut Road jẹ́ HP àti Dell tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì lókè òkun. Power supply inú àwọn kéékèèké wọn sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí wátì 240. Ihò PCI Express tí a ń ki káàdì bọ̀ kò lè fún káàdì ní ju wátì 75 lọ. Káàdì tí ó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti gba wáyà ọ̀tọ̀ láti ara power supply: wáyà ẹlẹ́nu 6 ń fún un ní 75 sí i, ẹlẹ́nu 8 ń fún un ní 150. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò ní wáyà yìí rárá.

Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ fi ohun tí a fi ń so wáyà pọ̀ fa iná láti ibi tí a ti ń fún hard disk ní iná, ẹ má gbà. Wáyà lè gbóná títí yóò fi yọ́. Ẹ má sì rò pé power supply tuntun yóò kàn wọlé. Ọ̀pọ̀ Dell àti HP ní ẹnu wáyà tiwọn tí ó yàtọ̀ sí ti ọjà. Ẹ tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ wò ó kí ẹ tó ra.

Ohun kan tún wà lẹ́yìn àwọn power supply àtijọ́ tó ti Amẹ́ríkà wá: bọ́tìnnì pupa tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná tiwa jẹ́ 230. Ẹni tó bá ki í bọ iná láìyí i kúrò ní 115 yóò gbọ́ ariwo, yóò sì rí èéfín.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: ṢÉ ÀÀYÈ WÀ?

Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kì í gba káàdì gíga. Low profile ni ẹ ó béèrè, kí ẹ sì rí i pé irin ẹ̀yìn rẹ̀ kúkúrú. Ẹ fi tépù wọn gígùn ààyè inú kọ̀ǹpútà náà kí ẹ mú nọ́ńbà náà lọ sọ́jà.

ÈWO NI KÍ A RÀ NÍGBÀ NÁÀ?

1. GTX 1050 Ti (2016): 4GB, wátì 75. Ó ti gbọ́ iṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹwàá 2025 ni Nvidia ti dáwọ́ ṣíṣe àtúnṣe fún géèmù tuntun dúró lórí ìran rẹ̀. Àyàfi tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ gan-an.

2. GTX 1650 (2019): 4GB, wátì 75. Ó dára fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ẹ ṣọ́ra, àwọn kan nínú wọn ń béèrè wáyà ẹlẹ́nu 6.

3. RTX 3050 ti 6GB (2024): wátì 70. Èyí ni mo fọwọ́ sí jù fún kọ̀ǹpútà tí kò ní wáyà. Ẹ má ṣì í mú fún RTX 3050 ti 8GB tó jáde ní 2022. Orúkọ wọn kan náà ni, ṣùgbọ́n wátì 130 ni ìyẹn ń jẹ.

4. RX 6600 (2021): 8GB, wátì 132. Power supply wátì 450 tó dára ni kí ẹ ní.

5. RTX 3060 ti 12GB (2021): wátì 170, power supply 550. Ẹni tó ń to fíìmù pọ̀ ni ó yẹ jù.

RX 6400 (2022) kò jẹ ju wátì 53 lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́rin péré ni ó ń lò nínú ihò PCI Express, nítorí náà agbára rẹ̀ ń dínkù nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́. Kò sì ní ẹ̀rọ tí ń di fídíò pọ̀, kò wúlò fún oníṣẹ́ fídíò.

AYÉDÈRÚ ÀTI ÈYÍ TÓ TI RẸ̀

Ní oṣù kẹsàn-án 2022, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Ethereum yí ìlànà rẹ̀ padà, kò sì béèrè káàdì mọ́. Àwọn tó ti ń fi káàdì ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru tú wọn sọ́jà ní gbogbo àgbáyé. Irú wọn kan ṣì dára, ṣùgbọ́n fáànù wọn lè ti rẹ̀. Àwọn oníjìbìtì tún máa ń yí ohun tí a kọ sínú káàdì àtijọ́ padà kí ó lè máa pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti. Orúkọ tí Windows fi hàn kò tó ẹ̀rí. Ẹ fi GPU-Z, tí kò gba owó, yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì ní kí ọlọ́jà jẹ́ kí géèmù lọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú yín. Bí ó bá kọ̀, ẹ gbé owó yín, ẹ máa lọ. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà káàdì wà lórí rẹ̀.

IYE TÍ YÓÒ MÁA NÁ WA

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti ₦68 lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan. Iye náà ti ń yí padà látìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi í ṣe ìṣirò. Ìyàtọ̀ láàárín káàdì wátì 170 àti ti wátì 75 jẹ́ 95. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ dé òpin agbára wọn fún wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 30, yúnìtì 22.8 ni ìyàtọ̀ náà. Ìyẹn jẹ́ ₦5,130 lóṣù lórí kọ̀ǹpútà kan. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ mẹ́rin, ó di ₦20,520. Owó èrè ni ó ń lọ yẹn.

Ti inverter náà rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì olómi 12V tí ó jẹ́ 100Ah, bí a kò bá fẹ́ kí ó tètè kú, nǹkan bí wátì 600 fún wákàtí kan ni a lè fà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àti monitor tó ń jẹ 300 yóò lò ó fún wákàtí méjì. Èyí tó ń jẹ 150 yóò lò ó fún mẹ́rin. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” kò sì ju nǹkan bí wátì 650 lọ. Ẹ má fi í gbé kọ̀ǹpútà ńlá méjì.

Ní àsìkò ọyẹ́, eruku Kánò kì í ṣe eré. Bí ó bá dí fáànù, káàdì á gbóná, á sì máa dín iṣẹ́ kù fúnra rẹ̀. Ẹ má gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ máa fi blower fẹ́ ẹ lóṣooṣù, kí ẹ di fáànù mú kí ó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé kí ẹ tó lọ bá bàbá tàbí ìyá yín fún owó. Òbí tó bá rí i pé ọmọ òun ti wọn ààyè, tó ti ka wátì, tó sì ti ṣe ìṣirò iná, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nìkan. Ẹ̀yin òbí, bí ìwé náà bá pé, ẹ gbọ́ tẹnu ọmọ náà. Bí kò bá pé, ẹ ní kí ó lọ tún un kọ wá. Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Kí Olódùmarè bùkún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa tẹ̀ síwájú. Àṣẹ.