Sòbìà, Èrè àti Ìmọ̀ Ìdarí Ẹ̀rọ: Àpẹẹrẹ láti Ìbàràpá

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fìríìjì nílé ti rí ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìdarí ẹ̀rọ. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí ń wo bí inú ti tutù tó, tí ó sì ń fi í wé bí a ṣe fẹ́ kí ó tutù. Bí ìyàtọ̀ bá wà, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1948, Norbert Wiener fi ìwé rẹ̀, Cybernetics, hàn wá pé a lè wo ẹranko àti ẹ̀rọ lọ́nà kan náà. Ǹjẹ́ a lè wo èrè tí ń yí ìṣe ènìyàn padà bẹ́ẹ̀?

Ìbàràpá ni mo ti fẹ́ mú àpẹẹrẹ. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera ní Igbó-Ọrà. Ní Ìdèrè tí kò jìnnà síbẹ̀, àwọn olùkọ́ni nípa ìlera fi aṣọ asẹ́ bá sòbìà jà láàárín 1980 sí 1990. Ẹni tí ó mu omi tí kòkòrò sòbìà wà nínú rẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀. Aràn náà á lo nǹkan bí ọdún kan nínú ara kí ó tó yọ. Awakọ̀ tí ó yí sítíárìn lónìí, tí ọkọ̀ kò sì yà títí di ọ̀la, inú igbó ni yóò bá ara rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sòbìà jẹ́ ohun tí a dá mọ́ ara. Ìrora ọdún yìí kò lè kọ́ni nípa omi èṣín.

Èrè kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òun ni ó fi wúlò. Ẹ jẹ́ kí a fi àmù tí ń jò ṣe àwòṣe rẹ̀. Omi inú àmù ni bí àṣà sísẹ́ omi ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. Ká ní ìdá méjì nínú mẹ́wàá ń jò dànù lọ́sẹ̀, tí èrè sì ń bu ìwọ̀n kan sí i. Omi yóò ga dé ìwọ̀n 5, yóò sì dúró, nítorí ohun tí ń wọlé bá ohun tí ń jò mu. Bí a bá dá èrè dúró, kò ní í ju nǹkan bí ìdajì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí a bá sọ èrè di ìlọ́po méjì, omi á dé 10. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí èrè bá dúró, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kan náà ni yóò fi dín sí ìdajì. Owó púpọ̀ kò dí ihò àmù. Ọmọ tí ó ń rí ìyá rẹ̀ tí ń sẹ́ omi lójoojúmọ́ ni ó lè dí i.

Ní Nàìjíríà, àwọn tí a kà pé sòbìà mú ní nǹkan bí 1988 ju 650,000 lọ. Oṣù kọkànlá 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí òpin rẹ̀ ní 2013. Bí àrùn náà ti ń di ọ̀wọ́n, ẹni tí ó bá wá jábọ̀ rẹ̀ ni a ń fún lówó, kì í ṣe ẹni tí ó sẹ́ omi. Ojú ẹ̀rọ ni èrè náà wá tún ṣe, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Àwọn kan ń ráhùn pé irú owó bẹ́ẹ̀ ń kó àhesọ wá. Lójú tèmi, àhesọ tí a yẹ̀ wò ní kíá sàn ju ìdákẹ́ lọ. Ní Chad, níbi tí sòbìà ti wọ ara ajá, wọ́n ń sanwó fún ẹni tí ó jábọ̀, wọ́n sì tún ń san fún ẹni tí ó so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà wọ inú omi.