Gìtá Báàsì Olókùn Mẹ́rin

Igi, okùn irin, òòfà àti wáyà bàbà. Amẹ́ríkà ni Leo Fender ti gbé irú rẹ̀ jáde ní 1951.

Ohùn ìsàlẹ̀ orin ló ń gbé, bí agídìgbo ti ń ṣe nínú àpàlà Haruna Ishola. Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko l'Ékòó, ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ọ kí wọ́n tó bọ́ sí ẹgbẹ́ olórin. Aṣíwájú wọn kan ni Mike Odumosu, tó ta báàsì fún BLO, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1972.

Wo okùn tó nípọn jù. Irin tín-ín-rín ni wọ́n fi wé e. Bí a bá ta á láìtẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.