Kí Wọ́n Tó Fá Ọ̀dà Àtijọ́ Dànù

Lẹ́bàá ọ̀nà ní Abidjan, orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, lẹ́tà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ló ń polówó fún onígbàjámọ̀ àti fún ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní maquis. Ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá láìyàtọ̀ á gé e sí àárín páálí, á gbé páálí náà lé pátákó, á sì fín ọ̀dà sí i. Lẹ́nu àwọn tó ń sọ Faransé níbẹ̀, pochoir ni. Àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní sítẹ́ńsù.

Ọgbọ́n yìí náà ló ń gba àwọn ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ là, àwọn àpótí pákó tó ga tó ènìyàn, tí wọ́n ń sọ owó ẹyọ sí. Space Invaders ti ilé iṣẹ́ Taito jáde ní Japan lọ́dún 1978, Pac-Man ti Namco sì tẹ̀ lé e ní 1980. Midway tó ṣe méjèèjì ní Amẹ́ríkà fi sítẹ́ńsù kun ẹ̀gbẹ́ wọn.

Lónìí, ẹni tó bá ra irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè rí i pé ẹnì kan ti kun ọ̀dà dúdú bò ó. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni sáńpépà. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà, nítorí lẹ́tà tí wọ́n bá fá dànù kò ní àwòkọ mọ́.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Etí ọ̀dà àkọ́kọ́ á yọ lábẹ́ dúdú náà bí ojú àpá. Wọ́n á tẹ́ pépà tó ń fi nǹkan hàn lé e, wọ́n á fi pẹ́ńsù tọ ipa rẹ̀, wọ́n á sì fi rúlà wọn bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí etí àpótí. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó máa gé páálí, ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́tà O àti A ló máa ń fa wàhálà. Bí wọ́n bá gé O yí po, àárín rẹ̀ á jábọ́. Nítorí náà, wọ́n á fi okùn páálí tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ bí afárá. Afárá náà máa ń fi àlàfo sílẹ̀ nínú lẹ́tà, ẹni tó bá ń tún àpótí ṣe kò sì gbọdọ̀ dí àlàfo tó bá lára iṣẹ́ àkọ́kọ́, nítorí ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló wà níbẹ̀.

Èyí kò ṣàjèjì ní Abẹ́òkúta. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, páànù ni wọ́n ń gé ní àwòrán, wọ́n á fi ti ẹ̀kọ láfún kọjá sórí aṣọ, aró kò sì ní mú ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, irú aṣọ yìí jáde pẹ̀lú àwòrán ọba àti ayaba, tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́ba. Bí páànù bá ti bàjẹ́, ẹni tó bá ṣì ní aṣọ náà nínú àpótí lè tọ ipa rẹ̀ gé òmíràn. Ẹni tó bá ti sọ ọ́ di àkísà kò ní ohun tó máa tọ̀.

Pépà kan àti pẹ́ńsù kan kò wọ́n. Wákàtí kan péré ni wọ́n ń gbà kí sáńpépà tó bọ́ sọ́wọ́.