Ohun Tí Fóònù Lè Ṣe fún Ìlú

Ìkíni ọjọ́ ìbí, ìròyìn òkú àti àdúrà òwúrọ̀ ló pọ̀ jù lórí WhatsApp àwa akẹ́kọ̀ọ́ jáde, a kò sì rí àléébù nínú wọn. Ṣùgbọ́n irú irinṣẹ́ yìí ti kó ipa nínú gbígba ẹ̀mí ọmọdé là ní orílẹ̀-èdè wa, ó sì yẹ kí a mọ bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2010, májèlé òjé, irin rírọ̀ tó wà nínú bátìrì ọkọ̀, pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Ìpínlẹ̀ Zamfara. Òkúta tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ láti wá wúrà ló da òjé sínú erùpẹ̀ tí àwọn ọmọ náà fi ń ṣeré. Wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní àwọn abúlé kan, ṣùgbọ́n kò kan Bagega. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières kò lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú níbẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n bá wò sàn yóò tún padà sínú erùpẹ̀ kan náà. Ní 2012, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí 850 mílíọ̀nù náírà. Owó náà kò jáde. Hamzat Lawal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Connected Development wá gbé ọ̀rọ̀ náà sórí Facebook àti Twitter. Wọn kò kàn bú ìjọba. Orúkọ abúlé kan, iye owó kan, ìbéèrè kan ni wọ́n ń tẹnu mọ́: owó náà dà? Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn náà kò dákẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, owó jáde, wọ́n kó erùpẹ̀ náà kúrò, ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀.

Ní tòsí wa, ẹgbẹ́ BudgIT, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2011, bẹ̀rẹ̀ Tracka ní 2014. Wọ́n ń wo ìwé ìṣúná ìjọba fún omi ẹ̀rọ, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn tí a kọ orúkọ ìlú kan sí, wọ́n ń fi han àwọn ará ìlú náà, wọ́n sì ń ya fọ́tò ibi tí iṣẹ́ wà tàbí tí kò sí. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 náà fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìsọ ìdí, ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì ìjọba sì ní láti fèsì.

Ìmẹ̀kọ náà ní ohun tí yóò béèrè. Ní oṣù kọkànlá 2019, wọ́n fòfin de gbígbé epo bẹntiróòlù wá sí ilé epo tí kò tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ẹni tí kì í ṣe onífàyàwọ́ náà jìyà rẹ̀. “Ìyà ń jẹ wá” kò tó láti sọ nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ owó ọkọ̀ dé Abẹ́òkúta ṣáájú òfin náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ abúlé tí aboyún kò ti rí ọkọ̀. Nehemáyà pàápàá kọ́kọ́ yí odi ká lóru kí ó tó bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì fi ohun tí ẹ kò rí ránṣẹ́. Nígbà tí Ebola wọ Nàìjíríà ní 2014, àtẹ̀jíṣẹ́ kan pé kí a mu omi iyọ̀, kí a sì fi wẹ̀, tàn kálẹ̀ láàrin òru kan. Ìwé ìròyìn sì ròyìn ikú lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tó wà nílé lẹ lè ya fọ́tò. Ẹ̀yin tó wà ní Èkó àti òkè òkun lẹ mọ ọ́fíìsì tí lẹ́tà ń lọ. Ní oko tí fóònù ti ń gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilẹ̀ Benin, ẹ jẹ́ kí fọ́tò náà dúró títí ẹ ó fi dé Ìmẹ̀kọ, kí owó yín má baà tán sí i.