Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọ̀dà tó ti inú odò wá

Ní ìpínlẹ̀ Ohio, l'Amẹ́ríkà, àwọn odò kan wà tó pọ́n bí epo pupa. Ihò ìwakùsà èédú tí wọ́n pa tì ló fà á. Omi ń gba inú wọn kọjá, á kan, á sì máa wọ́ irin jáde. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, irin náà á dógùn-ún, á bo ìsàlẹ̀ odò, ẹja ò sì ní lè gbé ibẹ̀ mọ́.

John Sabraw, ayàwòrán tó ń kọ́ni ní Ohio University, àti onímọ̀ ẹ̀rọ Guy Riefler ló ń yọ ìpáàrà yìí nínú omi. Wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fi òróró pò ó, ó di ọ̀dà ìyàwòrán nìyẹn! Bí wọ́n bá yan án, àwọ̀ ìyeyè á di pupa, á tún sún mọ́ elésè-àlùkò. Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni pé owó ọ̀dà ni wọ́n fẹ́ kó máa gbọ́ bùkátà àtifọ odò náà.